Kóráà tó ní "gbà á" kò ṣe àbòsí, ìdáhùn ẹ̀ lẹ ò mọ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Mo ka lẹ́tà tí olùkàwé yín kan láti Rẹ́mọ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn Lárúbáwá, tó ní alábòsí ni gbogbo wọn pátá, mo kọ́kọ́ ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi èsì yìí síta, kẹ́ ẹ má sì gé e jù, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn.

Fẹ́ni tí ò bá rí lẹ́tà yẹn kà, bọ̀dá yìí ní òun lọ ra táìlì lọ́wọ́ Kóráà kan l'Ékòó (àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà la máa ń pè bẹ́ẹ̀), ó ti pẹ́ tí òun ti ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀, òun wá rí aago tuntun lọ́wọ́ ẹ̀, òun ní ọ̀gá, aago yìí mà dáa o. Kóráà bọ́ aago lọ́wọ́, ó nà án sí i, ó ní "tafaddal", gbà á, tìẹ ni. Bọ̀dá wa gbà á. Ó gbà á, ó fi sápò! Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni ojú ọkùnrin náà ti yí padà, kò bá òun ṣàwàdà mọ́, ẹ̀dínwó tó máa ń ṣe fún òun náà ò sí mọ́. Ó wá ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n máa ń fẹnu fúnni ní nǹkan ni, tí ọkàn wọn á máa gbà á padà.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ mi wá béèrè ohun tó ṣe mí. Bọ̀dá mi, ẹ má bínú sí mi o, mi ò mọ̀ yín, àgbà ni yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé wa ná. Ká ní ẹ ń kọjá lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹ wá bá ìyá kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú, ẹ kí i, ó ní "ẹ wá ká jẹun o". Kí lẹ máa sọ? Ṣebí "á gba ibi ire o, màmá" lẹ máa sọ tí ẹ ó sì máa lọ. Tẹ́ ẹ bá fa àga, tẹ́ ẹ jókòó tì í, tẹ́ ẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ̀, màmá yẹn ò ní lé yín, ó lè rẹ́rìn-ín músẹ́ pàápàá, ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó ṣú gbogbo ojúlé àdúgbò á ti gbọ́ pé ọkùnrin kan wá láti Rẹ́mọ wá jẹ oúnjẹ òun. Ṣé alábòsí ni màmá? Rárá. Tó bá ń jẹun tí kò pè yín, ojú á tì í, ẹ̀yin náà á sì ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ti ṣe tiẹ̀, ó ku tiyín, "á gba ibi ire" ni tiyín. Ohun tí Kóráà yẹn ń retí lẹ́nu yín náà nìyẹn, ẹ ò sọ ọ́, ẹ gbé aago lọ.

Kẹ́ ẹ má baà ní kí ló kàn mí níbẹ̀, tíṣà Lárúbáwá ni mí nílé ìwé girama kan níbí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo tún máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ọkọ mi kàwé ní Azhar, yunifásítì Ìsìláàmù tó wà ní Cairo ní Íjíbítì, a sì gbé Cairo fún ọdún bíi mélòó kan, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní al-Hayy al-Ashir ní Nasr City, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Azhar láti ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ sí gan-an. Nítorí náà ohun tí mo ń sọ yìí, mo fetí mi gbọ́ ọ, mo sì fẹnu mi sọ ọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀. Lárúbáwá tó bá mọ ìwà hù kì í gba ìyìn kó fi sápò. Á dá a padà fẹ́ni tó yìn ín, pẹ̀lú èlé, èyí sì ni èlé kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kì í ṣe haraamu. Al-Kùránì gan-an sọ ọ́, Suuratu Nisaa'i, aaya 86, pé tí wọ́n bá kí yín ní kíkí kan, ẹ fi èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọn padà, tàbí kẹ́ ẹ dá irú ẹ̀ gan-an padà. Tẹ́ ẹ bá ti fi aaya yìí sọ́kàn, gbogbo ohun tó ń rú yín lójú nípa bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lójútùú.

Ìyá kan wà lókè wa nínú ilé alájà tí a gbé ní Cairo. Ọjọ́ kan mo gbé móínmóín fún un (ẹ̀wà wa yìí wà níbẹ̀ o, lubya ni wọ́n ń pè é, olójú dúdú náà ni, ewé ló ṣòro, agolo mílíìkì ni mo fi sè é). Lọ́jọ́ kejì ó gbé abọ́ mi sọ̀ kalẹ̀, abọ́ ò ṣófo, ó kó ọsàn sí i, ó ní "tislam iideeki", kí Ọlọ́run bá mi pa ọwọ́ tó sè é mọ́. Mo ní "bil-hanaa wash-shifaa", kó jẹ́ oúnjẹ ayọ̀ àti ìlera fún yín. Ó ní "Allah yihanniiki", kí Ọlọ́run fún ìwọ náà láyọ̀. Mo ní "Allah yisallimik". Ó tún dá òmíràn lé e. Orí àtẹ̀gùn la wà o, ó ti ń gòkè lọ, ó ṣì ń wẹ̀yìn dá mi lóhùn, èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà mò ń fèsì, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó fẹ́ kí àdúrà kú sí òun lọ́wọ́. Ọkọ mi ní inú yàrá ní ṣé ẹ ò tíì parí ni.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo ẹ̀, kò sí "shukran", ẹ ṣé, kankan níbẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má sọ shukran o, ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i, àwọn ọ̀dọ́ Beirut tiẹ̀ máa ń sọ "merci" bí ará Faransé. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá yìn yín pẹ̀lú àdúrà, tẹ́ ẹ wá fún un ní shukran gbẹrẹfu, ó máa ń gbẹ lẹ́nu. Ní ọdún 1996 àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Gayle Nelson, Mahmoud Al-Batal àti Erin Echols, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn ará Síríà àti àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń dá ìyìn lóhùn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn méjèèjì ló máa ń gba ìyìn, tàbí kí wọ́n bù ú kù díẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti pín yà ni pé tẹnkíù lásán ló pọ̀ lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ará Síríà ní tiẹ̀ á gbà á, á sì tún fi gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀ látayébáyé tì í. Gbólóhùn yẹn ni iyọ̀ ọ̀rọ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n máa bínú sí àṣà tiwa kan. Ẹ bá obìnrin Ìjẹ̀bú níbi ìnáwó, ó wọ léèsì tó ń dán, ẹ ní ha, màmá, aṣọ yìí mà dáa o. "Èwo? Èyí? Ó ti pẹ́ o jàre, mo kàn rí i fà yọ ni, ọkírìkà ni." Léèsì tí gbogbo ọjà Òkè-Àjé mọ iye tó rà á! Ta là ń tàn? Ẹni tó yìn yín ní ojú, ó rí ohun tó rí, tẹ́ ẹ bá ní kò dáa, ẹ ń sọ fún un pé kò mọ ohun tó dáa nìyẹn. Mo mọ̀ pé nítorí ojú ayé ni, àti kí wọ́n má baà wá yáwó, ṣùgbọ́n kò wù mí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa náà ní tiwa tó dára ju ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá rí aṣọ tuntun lọ́rùn yín, "ẹ̀mí á lò ó o", ẹ̀yin ẹ ní "àmín o, ẹ̀yin náà á rí tiyín wọ̀". Ẹ dé ibi ọdún Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kẹ́ ẹ dúró síbi tí àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti ń yan kọjá, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì nìyẹn, kì í ṣe ọkírìkà rárá. Kódà ní 2024 tí fótò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó ń pín in kiri ló ń kọ "maa shaa Allah" sábẹ́ ẹ̀, àwa tó dàgbà níbí sì ń sọ pé ẹ̀mí ẹ̀ á lò ó. Ibì kan náà ni méjèèjì ń lọ.

Mo ti dé orí maa shaa Allah, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí a ti sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ ẹ̀yìn danfo. Ẹni tó ń yinni ló ni ín, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yìn. Ó wà nínú Suuratul-Kahf, aaya 39, níbi tí ọkùnrin kan ti ní ọgbà méjì, ó wọnú ọgbà ẹ̀, ó ń fọ́nnu pé òun ò rò pé èyí lè parun láéláé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá ní kí ló dé tí nígbà tó o wọlé o ò sọ pé "maa shaa'allaah, laa quwwata illaa billaah", ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ló ṣẹlẹ̀, kò sí agbára àfi tiẹ̀. Ẹ mọ bí ọgbà náà ṣe parí, ó parun.

Ìtàn Sahl ọmọ Hunayf tún lágbára ju ìyẹn lọ, inú Muwatta, ìwé hádíìsì Imaam Maalik, ló wà. Sahl bọ́ra ó fẹ́ wẹ̀, èèyàn tí awọ ara ẹ̀ jọ̀lọ̀ ni. Aamir ọmọ Rabii'ah rí i, ó ní òun ò tíì rí irú awọ báyìí rí, kódà lára wúńdíá. Ojú ẹsẹ̀ ni Sahl ṣubú, ara ẹ̀ ò yá mọ́, kò lè gbérí. Wọ́n lọ sọ fún Ànábì, ó ránṣẹ́ pe Aamir, ó bá a wí gidigidi, ó ní kí ló dé tí ẹnì kan nínú yín á fi máa pa arákùnrin ẹ̀, ṣé o ò lè ṣàdúrà àlùbáríkà fún un ni? Ó ní kí Aamir wẹ ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú igbá, wọ́n da omi náà lé Sahl lórí, Sahl sì dìde ó bá àwọn èèyàn lọ. Ẹ ò rí i pé inú ìyìn gan-an lewu ti wá, kì í ṣe inú èébú.

Ìdí nìyẹn tí ìyá ará Íjíbítì, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ rẹ mà sanra o, tẹ́ ẹ wá dákẹ́, á ní "uul maa shaa Allah", sọ maa shaa Allah! Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àlejò lójúkojú, wọn ò ní tijú. Òmíràn á ní kẹ́ ẹ ṣe asalaatu fún Ànábì. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ dáadáa, tẹ́ ẹ ní "rabbina yikhalliihuulik", kí Ọlọ́run dá a sí fún ẹ, ìdáhùn ẹ̀ ni pé kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ tìẹ náà sí. Abiyamọ wa l'Ìjẹ̀bú níbí ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní Ọlọ́run á wò ó, ó ní àmín, á wo tiyín náà.

Mo fẹ́ ka díẹ̀ nínú àwọn ìdáhùn yòókù torí àwọn ọmọ wa tó ń lọ síṣẹ́ ní Saudi àti Dubai (ẹ̀yin ti Dubai, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ará Índíà àti Pakistan ni, ẹ máa kọ́kọ́ wo ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀). Ẹ gẹ irun tàbí ẹ jáde nílé ìwẹ̀, wọ́n ní "na'iiman", ẹ̀yin ní "Allah yin'am alayk". Ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan ń kọjá, ó ní "ya'tiik al-aafiya", tó jẹ́ ẹ kú iṣẹ́ wa gan-an, ẹ̀yin ní "Allah yu'aafiik". Ní Mòrókò, ẹ wọ aṣọ tuntun, wọ́n ní "bis-sahha", ẹ̀yin ní "Allah ya'tiik as-sahha". Wọ́n bá yín yọ̀ pé "mabruuk", ẹ̀yin ní "Allah yubaarik fiik". Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì, tẹ́ ẹ bá ní ilé yín mà rẹwà o, wọ́n á ní "uyuunak al-hilwa", pé ojú rẹ tó rí i ló rẹwà. Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin kan láti Ṣàgámù tí wọ́n sọ èyí fún rò pé ọkùnrin náà fẹ́ fẹ́ òun ni. Kò fẹ́ ẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin náà, ní àwọn ilé tí wọ́n ti múra sí ẹ̀sìn gan-an, pàápàá lápá Saudi lọ́hùn-ún, ẹ má yin ìyàwó oníyàwó lójú ọkọ ẹ̀ o, kò sí gbólóhùn àdúrà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ yin oúnjẹ, ẹ yin ilé, ẹ yin ọmọ, ó tó.

Ohun tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́sẹ̀ ni ìparí ọ̀rọ̀. Àwa, ọjọ́ orí la fi ń yan "o" tàbí "ẹ". Àwọn, ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n ń wò. "Baarakallaahu fiika", kí Ọlọ́run bùkún fún ẹ, fún ọkùnrin, "fiiki" fún obìnrin, "fiikum" fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọkùnrin kan lọ kí ìyá alaaji kan ní "fiika" níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù, ìyá náà ò gbọ́ Lárúbáwá, ó ní àmín, àáfà tó wà níbẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí èyí bá sú, kó máa lo "fiikum" fún gbogbo èèyàn, bí a ṣe ń sọ "alaykum" nínú sálámà fẹ́ni kan ṣoṣo, ó lọ́wọ̀, kò sì mú wàhálà wá. Ní Íjíbítì wọ́n tún ní "hadritak" àti "hadritik" fún àgbà àti ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, èyí tó sún mọ́ "ẹ" wa díẹ̀.

Mo padà sórí aago bọ̀dá wa torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe jù. Kì í ṣe Kóráà nìkan, ní Cairo tẹ́ ẹ bá bi awakọ̀ tasíì pé èló, á ní "khallii", fi sílẹ̀, kò tó nǹkan. Ẹ máa san o! Ẹ bẹ́ ẹ jáde láìsanwó kẹ́ ẹ wá rí ariwo. Ti nǹkan ọ̀ṣọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní tafaddal, tàbí "m'addam", mo ti gbé e síwájú rẹ. Ẹ̀yin ní "saahbu aghla", ẹni tó ni ín ló ṣe iyebíye jù ú lọ. Tàbí "Allah yhanniik fiih", kí Ọlọ́run jẹ́ kó o fi gbádùn. Á tún fi lọ̀ yín, á búra pàápàá, "wallaahi", ẹ tún kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó parí, ẹ̀yin méjèèjì ti jẹ́ ọmọlúàbí. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní tòótọ́, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó mọ̀, á dì í, á jù ú sínú mọ́tò yín, tàbí kó fi rán ọmọ sí yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kúrò.

Inúure yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ti wà kí Ìsìláàmù tó dé. Haatim ará ẹ̀yà Tayyi' ni wọ́n máa ń fi ṣàpẹẹrẹ títí dòní. Ìtàn sọ pé àwọn ìránṣẹ́ ọba Róòmù wá sọ́dọ̀ ẹ̀ torí ẹṣin ẹ̀ kan tó lókìkí, ọba fẹ́ gbà á. Haatim gbà wọ́n lálejò ní alẹ́, ó ṣe wọ́n lóúnjẹ, ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ó ní áà, ẹ ò sọ ọ́ lálẹ́, kò sí ẹran mìíràn nílẹ̀, ẹṣin yẹn ni mo pa fún yín. Tí ẹ̀yin bá jẹ́ ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá yin aago ọwọ́ yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa bọ́ ọ náà ni. Ẹni tó ń yìn ló yẹ kó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀, torí ìyìn níbẹ̀ lè dà bíi pé ẹ ń tọrọ, mo máa ń sọ fáwọn tó ń lọ pé kí wọ́n yin ọgbọ́n ẹni tó rà á, "zoo'ak hilw", o mọ nǹkan yàn, kí wọ́n má tẹjú mọ́ nǹkan náà.

Ní ti bọ̀dá wa, tó bá jẹ́ pé èmi ni, màá mú aago yẹn padà lọ, màá di gàárì Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa kún un, màá ní ọ̀gá, mo fi han àwọn ará ilé ni, wọ́n ní ọwọ́ yín ló yẹ. Kò ní fẹ́ gbà á. Kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀, kẹ́ ẹ jáde. Ẹ̀dínwó á padà.

Bọ̀dá wa tún kọ̀wé pé alàgbà ìjọ lòun, òun ò lè máa fi ọ̀rọ̀ ìmàle dáni lóhùn. Bọ̀dá mi, kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan o. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Lẹ́bánónì àti àwọn Kọ́bítì ní Íjíbítì, Allah náà ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, òun ló wà nínú Bíbélì wọn, "Allah yikhalliik", kí Ọlọ́run dá ẹ sí, ń bẹ lẹ́nu wọn látàárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ara ńkọ́, ọ̀pọ̀ wọn á ní "nushkur Allah", a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kóráà yín yẹn gan-an lè jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò bi í.

Ibi tí ẹ̀sìn wa ti dá mi lẹ́kun ni àṣejù, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́, torí àwa Ìjẹ̀bú àti olórin ló ń ṣe é. Ọkùnrin kan yin ẹlòmíràn níwájú Ànábì, Ànábì ní o gé ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Ó ní tó bá di dandan kéèyàn yin ẹnì kan, kó ní bí òun ṣe rò ó sí nìyí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo òde wa, ẹni tó ya owó ṣe ìnáwó, olórin á máa ki í pé òun ló ni Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ àti Ẹ̀gbá, òun náà á máa mirí, á máa náwó, kò sí "bí mo ṣe rò ó" níbẹ̀ rárá, kò sì sí àdúrà kankan tó ń padà sọ́dọ̀ olórin bí kò ṣe owó. Ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, àwọn tó bá Ànábì rìn, tí wọ́n bá yìn ín, á ní Ọlọ́run, má fi ohun tí wọ́n ń sọ mú mi, forí ohun tí wọn ò mọ̀ jì mí, kó o sì jẹ́ kí n dára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn àáfà wa mọ àdúrà yìí dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹnì kan gba maikirofóònù kó kà á níbi ìnáwó kan ká wo ojú olówó.

Olóòtú, Iléyá ń bọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì máa wọlé lórí fóònù gbogbo wa. Ẹni tó bá kọ "Iid mubaarak" sí yín, ẹ kọ "Allah yubaarik fiikum" padà. Ẹni tó bá kọ "kullu aam wa antum bikhayr", ẹ ní "wa antum bikhayr", tó bá jẹ́ ará Íjíbítì ló sọ "kulli sana winta tayyib", "winta tayyib" ni ìdáhùn fún ọkùnrin, "winti tayyiba" fún obìnrin. Àwòrán àgbò tí ń yí ojú tẹ́ ẹ máa ń fi ránṣẹ́ yẹn, mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀ ní èdè kankan.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníkéwú, Ìjẹ̀bú-Òde.